Kí Lo Fẹ́ Fi Ọdún Tó Ń Bọ̀ Ṣe? Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ifẹ̀ Tó Ń Múra Àtiwálé

Ẹ̀yin ará Ẹnuwá àti gbogbo àdúgbò tó yí ààfin ká, ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ tó wà l'Ékòó, ní Ìbàdàn, ní Àbújá àti lókè òkun, ọdún Ọlọ́jọ́ ti ń sún mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń ronú aṣọ, ẹ ti ń ronú owó ọkọ̀, ẹ ti ń ṣírò iye adìyẹ tí yóò tó. Kí ẹ tó di ẹrù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi.

Ilé tí wọ́n bí mi sí kò jìnnà sí Ẹnuwá. Lálẹ́ ọjọ́ Ọlọ́jọ́, nígbà tí èrò bá ti ń túká níwájú ààfin, tí àwọn àlejò ti jẹun tán tí wọ́n sì ti dágbére, ìyá wa àgbà á ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Á tẹ́ ẹní ńlá kan sí àárín ilé, á ní kí gbogbo wa jókòó, àtọmọdé àtàgbà. Àwọn ìyàwó ilé ló máa ń kọ́kọ́ pè. Á ní kí wọ́n fi ìkòkò sílẹ̀, ọ̀la ni wọ́n á fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí lo fẹ́ fi ọdún tó ń bọ̀ ṣe?"

Ìbéèrè yẹn ní òfin tirẹ̀. O kò gbọdọ̀ sọ ju nǹkan kan lọ. O kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tí agbára rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ. Bí ẹnì kan bá ní, "Ìyá, mo fẹ́ lówó," ìyá àgbà á dá a lóhùn pé, "Àmín. Àdúrà nìyẹn. Iṣẹ́ ni mo bi ọ́." Ẹni náà á tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò: ó fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tó ti di igbó, tàbí ó fẹ́ máa dá àjọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí owó ṣọ́ọ̀bù yóò fi pé. Ìyá àgbà kò mọ̀wé, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá yí po, tí a bá tún jókòó sórí ẹní yẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ tí kò rántí.

Ní ọdún kan, ẹ̀gbọ́n mi kan ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Nígbà tí ọdún kejì dé, ó fa ṣòkòtò kan yọ láti inú ọ̀rá dúdú, ó ní òun lòun rán an. Ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa, torí ìyá àgbà ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ àtùpà, ó ń fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Lésìí, o ò mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́." Ó ká ṣòkòtò náà, ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ó yí sí ẹlòmíràn. Títí di òní, ẹ̀gbọ́n mi yẹn kò tíì gbàgbé alẹ́ ọjọ́ náà. Iṣẹ́ télọ̀ ló fi tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Mo ń sọ ìtàn yìí torí pé mo ń wo bí a ṣe ń ṣọdún nísinsìnyí, ọkàn mi kò balẹ̀. A ń wálé lóòótọ́. A ń ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá, a ń ya fọ́tò níwájú ààfin, a ń jẹ, a ń mu, ọdún ò tíì tán tí a ti wà ní gáréèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ bi ọmọ tó wálé léèrè nǹkan, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni: "Ọkọ̀ tó o gbé wálé dà? Ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì ìyàwó rẹ? Lágbájá tí ẹ jọ kàwé ti kọ́lé o." Ẹ̀yin àgbà ilé, mo bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ìbéèrè. Ẹ̀ṣẹ́ ni. Nítorí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa fi ń sá fún ilé lásìkò ọdún, tí wọ́n á ní iṣẹ́ ni kò jẹ́. Nítorí rẹ̀ ni ẹlòmíràn fi ń bọ́ sí ọ̀nà jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó ṣáà lè gbé ọkọ̀ wọ àdúgbò kí ọdún tó dé.

Ẹ jẹ́ ká wo ọdún náà fúnra rẹ̀. Ọlọ́jọ́ là ń pè é: ẹni tó ni ọjọ́. Nígbà tí àkókò rẹ̀ bá ti ń sún mọ́, ní ìparí oṣù Kẹsàn-án tàbí nínú oṣù Kẹwàá, Ọọ̀ni á kọ́kọ́ wọlé, á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ méje. Kò ní jáde, kò ní gba àlejò. Àdúrà ló máa gbà fún ìlú àti fún gbogbo ọmọ Odùduwà. Ẹ̀yìn ìgbélé yẹn ló tó jáde sí wa pẹ̀lú Adé Ààrẹ lórí, adé tí a kì í rí lórí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, tí yóò sì kọjá lọ sí Òkè M̀ògún. Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé, tó gorí ìtẹ́ ní 1980, ṣe é bẹ́ẹ̀ títí tó fi wàjà ní 2015. Ọba Adéyẹyè Ẹnitàn Ògúnwùsì, Ọ̀jájá Kejì, tó gorí ìtẹ́ lọ́dún 2015 kan náà, ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wa la máa ń sáré lọ wo ìjáde. A máa ń ti ara wa ní Ẹnuwá kí ojú wa lè tó adé. Ta nínú wa ló ń ronú sí ọjọ́ méje tó ṣáájú rẹ̀? Bí ọba tó ni ìlú bá ní láti jókòó jẹ́ẹ́ kó tó jáde, kí ló dé tí èmi àti ìwọ fi rò pé a lè máa sáré láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé oṣù Ọ̀pẹ láìjókòó? Ọlọ́run ló ni ọjọ́. Ohun tí a ó fi ọjọ́ náà ṣe, ọwọ́ wa ló fi sí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní òyìnbó ló kó irú ọ̀rọ̀ yìí dé, pé nínú ìwé tí àwọn ọmọ ń tà nínú sún-kẹẹrẹ ọkọ̀ l'Ékòó la ti kọ́ pé kí èèyàn ní ohun tó ń lépa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa gbà pé olúkúlùkù ti kúnlẹ̀ yan nǹkan kó tó wáyé, a sì ń pè é ní àkúnlẹ̀yàn. Wọn kò sì dá orí sọ láìdárúkọ ẹsẹ̀. Ẹni tó yan orí tó dára, tí kò fi ẹsẹ̀ rìn, ìdúró ló máa dúró síbi tó wà. Ìgbàgbọ́ tó ti wà ní Ifẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìwé kankan nìyẹn.

Ẹ wo èsúsú náà. Samuel Johnson ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ní 1937, ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, wá gbé nílùú wa yìí láti kọ́ nípa ìgbé ayé wa. Ní 1952 ó tẹ odindi àpilẹ̀kọ jáde lórí èsúsú nìkan, torí ó rí i pé ohun tó lágbára ni. Ẹni tó kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú kọjá òkun kò lè gba èsúsú lọ́wọ́ wọn: ní Trinidad títí dòní, wọ́n ṣì ń pè é ní susu. Kí ni agbára rẹ̀? Iye kan náà ni kálukú ń dá, lọ́jọ́ kan náà, ẹnì kan á sì kó gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ kan títí yóò fi kárí. Owó tí mo fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ebi alẹ́ kan ṣoṣo lè mú mi fọwọ́ kàn án. Owó èsúsú, ojú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ń ṣọ́ ọ. Ojú tì mí láti má dá a.

Ohun tí ìyá àgbà ń ṣe lórí ẹní nìyẹn gan-an. Ó gba èrò ọkàn wa kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí, ó gbé e síwájú àwọn tó máa bá wa ṣọ́ ọ. Èrò tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ, ìwọ nìkan lo máa mọ̀ lọ́jọ́ tó bá kú.

Àmọ́ n kò fẹ́ kí ẹ rò pé ó rọrùn. Èmi alára ti sá fún ẹní yẹn rí. Mo sọ níwájú gbogbo ilé pé màá wọ yunifásítì kí ọdún tó yí po. N kò yege ìdánwò. Nígbà tí Ọlọ́jọ́ dé, mo jókòó sí yàrá tí mo háyà l'Ékòó, mo pa iná, mo ń gbọ́ bí àwọn ọmọ Ifẹ̀ tó wà ládùúgbò ṣe ń dágbére fún ara wọn láti lọ sílé. Ọdún kejì, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹta ni ìyá àgbà rán awakọ̀ kan sí mi. Iṣẹ́ tó rán an kò ju gbólóhùn kan lọ: "Sọ fún un pé ẹní fẹ̀."

Mo wálé. Alẹ́ ọjọ́ náà, ó kàn mí, mo dojú bolẹ̀. Kò bi mí pé, "Yunifásítì dà?" Ó ní, "Kí lo rí kọ́ níbẹ̀?" Mo ronú títí. Mo jẹ́wọ́ pé ìṣirò ló fà mí sẹ́yìn, pé ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ kí n tó ṣí ìwé rẹ̀. Ìyá tí kò mọ̀wé yìí wá sọ ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu olùkọ́ kankan. Ó ní, "Lọ́dún yìí, má sọ yunifásítì mọ́. Ìṣirò ni kó o sọ. Ojúmọ́ kan, ìṣirò kan." Ọmọ kan nínú ilé, tó kéré sí mi, ló yàn láti máa bi mí léèrè ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí pé àbúrò mi ló ń bi mí. Ojútì yẹn ló mú mi jókòó sídìí ìwé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú yín dé ibòmíràn, ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sí ibi tí a ti ń wo ìjáde ọba. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ti kọjá níwájú rẹ̀ láìmọye ìgbà láì wọ inú rẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, ni wọ́n kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé wá mọ Ifẹ̀ mọ́. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ síbẹ̀ lọ́dún yìí, kí ẹ sì ṣàlàyé fún wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe irú orí bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú rẹ̀. Á fi ìda oyin bo amọ̀ náà, á wá fara balẹ̀ fín ojú, imú, ètè àti ìlà tín-ín-rín ojú sára ìda. Á tún fi amọ̀ mìíràn bo gbogbo rẹ̀, á gbé e sí iná kí ìda yọ́ jáde. Àyè tí ìda fi sílẹ̀ ló máa da idẹ gbígbóná sí. Nígbà tó bá tutù ló máa fọ́ amọ̀ náà. Títí di ìgbà tó máa fọ́ ọ, kò sí ẹni tó rí orí idẹ kankan. Amọ̀ lásán ni gbogbo aládùúgbò ń rí. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá ṣàlàyé èyí fún níwájú orí idẹ gan-an yóò lóye ohun tí a ní lọ́kàn nígbà tí a bá sọ fún un pé kó ní sùúrù pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń kọ́.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí. Àwọn tí wọ́n kó ní ẹrú láti ilẹ̀ wa lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n gba ilé lọ́wọ́ wọn, wọ́n gba orúkọ, wọ́n gba ọdún ìbílẹ̀ wọn. Ní 1966, Maulana Karenga dá ọdún kan sílẹ̀ fún àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ní California, ó pè é ní Kwanzaa. Inú èdè Swahili ló ti mú orúkọ náà, ó sì jẹ mọ́ àkọ́so oko. Ọjọ́ méje ni, láti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá dé ọjọ́ kìíní ọdún tuntun. Ìdílé á péjọ, wọ́n á tan àbẹ́là, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìlànà tí wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọjọ́ karùn-ún, Nia ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ohun tí èèyàn wà láyé fún. Àwọn tí wọ́n já gbòǹgbò wọn tún jókòó, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbin òmíràn, wọ́n sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọdún tí òbí àti ọmọ á fi bi ara wọn pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe láyé. Àwa tí a ṣì wà ní orírun, tí Ẹnuwá wà lójúde wa, a ń jẹ ìrẹsì, a ń lọ.

Ìjókòó pọ̀ kì í sì í ṣe ohun tó wà títí láé. Àwọn tó wà nílùú yìí láti 1997 sí 2000, nígbà tí ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ gbóná, wọ́n mọ̀ pé àwọn ilé kan wà tí kò lè péjọ, pé àwọn àga kan wà tí ẹni tó ni wọ́n kò padà wá jókòó sí wọn mọ́. Àlàáfíà tí a ní lónìí, ẹ jẹ́ ká fi ṣe nǹkan tó dára ju àríyá lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún rèé. Bí ẹ bá wálé fún Ọlọ́jọ́, ẹ fi wákàtí kan péré sílẹ̀ fún ìdílé yín kí ẹ tó túká. Bí ẹ̀sìn yín kò bá jẹ́ kí ẹ bá wa jáde sí Ẹnuwá, n kò bá yín jà. Iléyá ń bọ̀, Kérésì ń bọ̀, ìparí ọdún ń bọ̀. Ọjọ́ yòówù kí ẹ yàn, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ kó fóònù jọ sí ibì kan. Ẹ pe àwọn ìyàwó ilé kúrò nídìí iná, torí àwọn náà ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi ayé wọn ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò sì bi léèrè láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé ọkọ. Ẹ pe àwọn ọmọ osú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún méje sọ tirẹ̀, ẹ má sì fi í ṣẹ̀sín bó bá ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ nínú odò. Kí olórí ilé pàápàá sọ tirẹ̀. Àgbà tí kò ní ohun tó ń kọ́ mọ́ kò lè bi ọmọ léèrè ohun tó ń kọ́.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ilé ló ní ìyá tó ń rántí. Ìwé ọgọ́rùn-ún ewé kan tó. Orúkọ, nǹkan kan, àti ẹni tí yóò máa bi í léèrè lóṣooṣù. Bí ọdún bá pé, ẹ ṣí ìwé náà. Ẹni tó ṣe é, ẹ yìn ín. Ẹni tí kò ṣe é, ẹ bi í pé kí ló rí kọ́, kí ẹ sì bá a gé ohun tó fẹ́ ṣe kéré títí yóò fi tó ohun tó lè gbé. Ẹ má fi ẹnì kan wé ẹlòmíràn lórí ẹní.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti wálé mọ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí kò bá rí owó ọkọ̀, kó má sá. Kó pè. Ẹ gbé fóònù sáàárín, kí ó gbọ́ ohùn yín, kí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ Àbújá ló wà tàbí London. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún, ẹ wo inú ìdílé yín, kí ẹ fi owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá ẹyọ kan san owó ọkọ̀ ẹnì kan wálé.

Ìwọ ọ̀dọ́ tó o ti ń ro ohun tó o máa fi ṣe àwáwí lọ́dún yìí, ìwọ ni mo kúkú torí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Wálé lọ́wọ́ òfo. Wálé pẹ̀lú ìdánwò tó o kò yege, pẹ̀lú iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ, pẹ̀lú ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba.

Ìyá wa àgbà ti lọ. Ẹní rẹ̀ wà ní kíká lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ láti ìgbà náà, etí rẹ̀ kan ti ń ya. Lọ́dún yìí, èmi ni màá tẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́ tiyín.